Ẹgbẹ́ Tó Ń Wá Ẹ̀jẹ̀, Ẹgbẹ́ Tó Ń Kọ Fọ́ọ̀mù

Àwọn ará ilé mi ní Iléṣà gbà pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ń bá mi tọ́jú ọmọ mi. "Ìwọ ti bọ́ nínú wàhálà jàre," ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tún wí lórí fóònù láìpẹ́ yìí. "Wọ́n ń fún un lówó, wọ́n ń fún un lóògùn ọ̀fẹ́, kí ló tún kù?" Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Ẹ̀jẹ̀ SS, àìsàn ẹ̀jẹ̀ tó máa ń fa ìrora inú eegun, ni ọmọ mi ní, ó sì ti di ọmọge báyìí.

Ti ilé, ẹ kúkú mọ̀ ọ́n: iná ọba, ọ̀wọ́n oògùn, ọkọ̀ tí kì í sí lóru. Ẹ̀jẹ̀ ló le jù. Bí dókítà bá ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ lára, mọ̀lẹ́bí ni yóò wá ẹni tí yóò fa tirẹ̀ sílẹ̀ rọ́pò. Ìdí nìyẹn tí àwa ìyá ọlọ́mọ SS kan fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. A kò ní ọ́fíìsì. Ìwé kan ló wà lọ́wọ́ akápò, orúkọ àwọn tó ṣetán láti fúnni lẹ́jẹ̀ wà nínú rẹ̀, irú ẹ̀jẹ̀ wọn àti àdúgbò wọn, bóyá Òkèèsà ni tàbí Ìsọ̀kún. À ń dáwó ra folic acid tó ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àti Paludrine tó ń dènà ibà fún ọmọ tí òbí rẹ̀ kò rówó. Bí wọ́n bá gba ọmọ ẹnì kan wọlé ní ọsibítù Wesley Guild, kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹnì kan ti gbé ẹ̀kọ gbígbóná dé, ẹlòmíràn ti kó àwọn ọmọ tó kù nílé sọ́dọ̀. Kò sẹ́ni tí yóò ní kí o mú ẹ̀rí wá pé ọmọ rẹ ń jẹ̀rora.

Níbí ní England, wọ́n máa ń gún ọmọ tuntun ní gìgísẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ó bóyá SS ni. Tèmi ti ń rìn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, kí a tó mọ̀. Bẹ́ẹ̀ Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí ọmọ SS jù láyé, nǹkan bí 150,000 lọ́dún gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ṣe ṣírò rẹ̀. Tí ọmọ mi bá sì nílò ẹ̀jẹ̀ níbí, ẹnikẹ́ni ò ní ní kí n lọ wá ẹni tí yóò fún un. Torí ẹ̀jẹ̀ yìí ni mo ṣe kúrò nílé, mi ò kábàámọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n owó tí ẹ̀gbọ́n mi ń sọ, ẹ jẹ́ kí n là á. Físà iṣẹ́ ni mo gbà wá, físà yẹn sì kà á léèwọ̀ fún wa láti gba owó ìrànwọ́ ìjọba. Owó ìlera pàápàá, a ti san án sílẹ̀ kí a tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Lónìí, £1,035 lọ́dún ni fún àgbàlagbà kan, yàtọ̀ sí owó orí tí wọ́n ń yọ nínú owó iṣẹ́. Oògùn jẹ́ ọ̀fẹ́ nígbà tí ọmọ mi wà lọ́mọdé. Nígbà tó dàgbà, ó di £9.90 lórí oògùn kọ̀ọ̀kan. Láti ọdún 1968 ni England ti to orúkọ àwọn àìsàn tí kì í sanwó oògùn. Àtọ̀gbẹ tó ń lo oògùn wà níbẹ̀, SS kò sí níbẹ̀. Ká ní Scotland tàbí Wales là ń gbé ni, a kò ní san kọ́bọ̀.

Nígbà tí a gba ìwé àṣẹ láti máa gbé ibí títí, a béèrè fún owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń pè ní PIP, tó wà fún ẹni tí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ tàbí àbùkù ara ń dí lọ́wọ́. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ nípọn. Ṣé o lè se oúnjẹ fúnra rẹ? Ṣé o lè wẹ̀? Mítà mélòó lo lè rìn? Ìṣòro náà sì gbọ́dọ̀ wà fún ju ìdajì àwọn ọjọ́ inú ọdún lọ. Báwo ni ẹlẹ́jẹ̀ SS yóò ṣe dáhùn ìyẹn? Lónìí ó ń rìn, ó ń rẹ́rìn-ín. Lọ́la eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ń bẹ́, kò lè di ife omi mú. Ọjọ́ tí ara rẹ̀ le ni wọ́n pè é lórí fóònù láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fi òtítọ́ inú dáhùn pé òun lè se ìrẹsì. Òdo ni wọ́n fún un, bẹ́ẹ̀ máàkì 8 lèèyàn gbọ́dọ̀ ní kó tó rí nǹkan gbà. Ìwé tí wọ́n kọ sí wa dà bíi pé irọ́ ni ọmọ mi ń pa. Mo sunkún lórí rẹ̀ ju bí mo ṣe ń sunkún ní ọsibítù lọ.

Ẹgbẹ́ kékeré kan ní ìlú tí à ń gbé ló gbà wá. Àwọn aláìsàn àti òbí wọn ló dá a sílẹ̀, gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń pàdé ní Sátidé. Fọ́ọ̀mù ló ń gba gbogbo àkókò wọn. Ìyá àgbà ará Jàmáíkà kan bá wa kọ lẹ́tà pé kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Nígbà tí wọ́n kọ̀, ó bá wa gbé e dé iwájú adájọ́. Òun ló ní kí ọmọ mi ra ìwé, kó máa kọ bí ara rẹ̀ ṣe rí lójoojúmọ́: ìgbà tí ìrora bẹ̀rẹ̀, oògùn tó lò, ohun tí kò lè ṣe. Ìwé yẹn ló gbè wá tí a fi jàre. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn gidigidi. Síbẹ̀, bí ìpàdé bá tú, oníkálùkù a wọ bọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ. Tí ìrora bá dé lóru, áḿbúláǹsì á wá, àwọn nọ́ọ̀sì á ṣe iṣẹ́ wọn, èmi nìkan ni n ó jókòó títí ilẹ̀ á fi mọ́. N kò mọ ilẹ̀kùn tí mo lè kàn.

Àwọn kan á ní, kí ló dé tí o kò padà? Mi ò lè padà. Ọmọ mi wà láàyè, ó ń lọ sí yunifásítì, ìyẹn tó mi. Mo ṣì ń san owó ẹgbẹ́ ní Iléṣà, orúkọ mi ṣì wà nínú ìwé. Mo ti sọ fún akápò nípa kíkọ ìrora sílẹ̀ lójoojúmọ́, pé dókítà á rí i kà ní kíníìkì. Wọ́n ti gbà láti ra ìwé fún àwọn ìyá. Èyí tí kò bá mọ̀wé, ọmọ rẹ̀ tó wà nílé ìwé ni yóò máa bá a kọ ọ́.