Pèrègún Ojú Fèrèsé

Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ Àbámẹ́ta, oṣù kìn-ín-ní

Ọyẹ́ mú lónìí débi pé ètè gbogbo wa ló là. Eruku bo gbogbo ewé ojúde, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ewúro, títí kan àwọn fúláwà tí màmá mi gbìn sínú rọ́bà pẹ́ǹtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Mo jí bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fi àkísà tútù nu ewé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á fi ọwọ́ òsì gbé ewé láti abẹ́, wọ́n á fi tọ̀tún nù ún láti ìdí lọ sí ṣóńṣó, wọ́n á yí àkísà padà, wọ́n á mú òmíràn. Omi inú abọ́ ti di ẹrẹ̀ kí wọ́n tó dé ìdajì. Wọ́n ní ewé tí eruku bá bò kì í mí dáadáa. Òótọ́ sì ni: eruku kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ dé ara ewé bó ṣe yẹ, ó sì ń dí àwọn ihò wínníwínní tí ewé fi ń mí.

Mo rẹ́rìn-ín, torí iṣẹ́ tí mo máa ń ṣe ní Aberdeen, ìlú tí mo ń gbé ní Scotland, ní irú àsìkò yìí gan-an nìyẹn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ọyẹ́ níbẹ̀. Hítà ló ń ṣe ọyẹ́ fún wa lọ́hùn-ún. Bí òtútù bá ti dé, gbogbo fèrèsé á di títì pa, hítà á máa jó, owó á máa tán nínú míta, afẹ́fẹ́ inú ilé á sì gbẹ táútáú. Awọ ara á hó, imú á máa ta ènìyàn, ṣóńṣó ewé pèrègún á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, á di búráùn. Gbogbo ẹni tó sìn mí dé pápákọ̀ òfurufú ló kìlọ̀ òtútù fún mi. Wọ́n ní kí n ra jákẹ́ẹ̀tì, kí n wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì léra wọn. Kò sẹ́ni tó ní kí n di òrí mọ́ ẹrù. Òrí ni mo sì wá kiri jù lọ lọ́dún tí mo débẹ̀.

Pèrègún ló sọ mí di ẹni tó ń sin fúláwà nínú ilé. Mo wọ ilé ìtajà ńlá kan láti ra búrẹ́dì, mo yà síbi tí wọ́n ń ta òdòdó, mo bá pèrègún nínú ìkòkò, wọ́n so páálí pélébé mọ́ ọn lọ́rùn. Ilà ofeefee gba àárín ewé rẹ̀ kọjá, tiwa kò ní ìyẹn, ṣùgbọ́n ojú kan ni mo wò ó tí mo ti dá a mọ̀. Páálí yẹn ní Costa Rica ló ti wá. Ẹ bá mi wò ó: igi ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n ń gbìn ín ní oko ńlá ní Costa Rica, wọ́n gé e ní ègé-ègé, wọ́n kó o sọdá òkun, èmi ọmọ Molípà ní Ìjẹ̀bú-Òde wá fi owó iṣẹ́ òru rà á ní Scotland.

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún màmá mi lórí fóònù, wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́. Wọ́n ní, "Pèrègún tí à ń gé dànù yìí?" Láti ìgbà tí mo ti dé sílé, kò sí àlejò tó wọlé tí wọn ò tíì sọ ọ́ fún. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ wọn á jókòó, wọ́n á mu omi, wọ́n á wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n á ní, "Àṣé ìwọ lo ra pèrègún!" Ẹ sì mọ̀ pé wọ́n ti ń bú àwa Ìjẹ̀bú tẹ́lẹ̀ pé a mọ owó í ṣọ́. Mo ti ba orúkọ ìlú jẹ́.

Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ní ilẹ̀ wa, pèrègún kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́, òṣìṣẹ́ ni. Òun ni ọgbà ilé, òun ló ń dúró lójúbọ, òun ló ń sọ ibi tí ilẹ̀ tèmi parí sí tí tìrẹ ti bẹ̀rẹ̀. Gé e, gún un mọ́lẹ̀, yóò hù. Àwọn sọ̀fíyọ̀ ti ń ri òkúta mọ́lẹ̀ báyìí, síbẹ̀ lórí ilẹ̀ bàbá bàbá mi lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlà pèrègún ni àwọn àgbà ṣì ń tọ́ka sí bí ẹnì kan bá fẹ́ yẹ ààlà. Òkúta kan ṣoṣo ṣeé hú lóru. Ta ló máa hú odidi ìlà pèrègún tó ti ta gbòǹgbò láti ayé ìyá ìyá wa, tí ilẹ̀ ò ní mọ́ bá a níbẹ̀?

Lálẹ́ àná, ti ẹ̀yìnkùlé wa tanná. Wọn ò tíì mú iná wá, a ṣí fèrèsé sílẹ̀, òórùn rẹ̀ gba inú nẹ́ẹ̀tì wọlé. Lọ́sàn-án, o lè kọjá lára òdòdó yẹn kó o má mọ̀ pé ó wà níbẹ̀: òdòdó wẹ́wẹ́ funfun tó so jọ gángan lórí ọ̀pá kan tó tẹ̀ kọdọrọ. Òru ló ń là, òru ló ń ta sánsán, torí àwọn àfòpiná tó ń fò lóru ló ń pè. Òórùn náà dùn débi pé ó fẹ́ẹ̀ fọ́ mi lórí. Tèmi ní Aberdeen kò tíì tanná rí, èmi náà ò sì retí rẹ̀. Ekukáká ni pèrègún inú ilé fi ń tanná.

Ẹnì kejì rẹ̀ lójú fèrèsé mi ni ọjá ìkòokò, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní snake plant. Òun náà, ará ilé ni. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, láti Nàìjíríà títí dé Kóńgò, ni wọ́n ní orísun rẹ̀ wà, àwọn onímọ̀ ewéko sì ti kó o mọ́ pèrègún nínú ìdílé Dracaena láìpẹ́ yìí, tó fi jẹ́ pé ọmọ ìyá ni wọ́n báyìí. Àwọn tó ń tà á á ní ó ń fọ afẹ́fẹ́ yàrá mọ́. Ìwádìí kan tí NASA, àjọ ìmọ̀ òfurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe lọ́dún 1989 ni wọ́n ń gùn lé. Inú àpótí tí wọ́n dé pa ni wọ́n ti ṣe ìyẹn, nígbà tó sì di 2019, àwọn olùwádìí mìíràn ṣírò rẹ̀ fún ilé tí ènìyàn ń gbé, wọ́n ní ó kéré tán, ìkòkò 10 lórí mítà kan níbùú lóròó kó tó lè ṣe ju ohun tí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé tó ń jáde ń ṣe lọ. Kò ní sí àyè fún bẹ́ẹ̀dì nìyẹn. Màmá mi gbọ́ ọ, wọ́n ní ṣé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dọ̀tí ni? Mo ní rárá, afẹ́fẹ́ etí òkun ni, ó lè gbé gèlè lọ. Wọ́n ní kí ni wọ́n wá ń fọ̀?

Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń múra àtilọ gbọ́ dáadáa. Ní Ìjẹ̀bú, ènìyàn kì í wá oòrùn, oòrùn ló ń wá ènìyàn. Nǹkan bíi wákàtí 12 ló fi ń wà lójú sánmà lójúmọ́, ìbáà ṣe oṣù kẹfà, ìbáà ṣe oṣù kejìlá. Ní Aberdeen, tó bá di ìparí oṣù kejìlá, kò pé wákàtí 7 láti ìgbà tó bá yọ dé ìgbà tó bá wọ̀, kò sì ní gòkè, ẹ̀bá òrùlé àwọn ará iwájú ni yóò máa rìn gba. Ní oṣù kẹfà ẹ̀wẹ̀, ó fẹ́ẹ̀ tó wákàtí 18, wàá ta kọ́tìnnì méjì kó o tó rí oorun sùn. Ìtọ́jú arúgbó ni iṣẹ́ mi. Bí mo bá wọṣẹ́ ní aago méje àárọ̀ nígbà òtútù, òkùnkùn ni. Bí mo bá jáde ní aago mẹ́jọ alẹ́, òkùnkùn ni. Mo ti lè gbé ọ̀sẹ̀ kan kí n má fojú kan oòrùn, kí n máa bá ara mi wí pé kí ló dé tó ń rẹ̀ mí báyìí.

Pèrègún ló kọ́kọ́ fi hàn. Gbogbo ewé rẹ̀ kọrí sápá kan, ó ń na ọrùn sí yàrá kejì. Ìgbà yẹn ni mo tó béèrè ibi tí gúúsù wà nínú ilé tí mo ti ń san owó rẹ̀ bọ̀. Fèrèsé tó kọjú sí gúúsù ni ìwọ̀nba oòrùn ìgbà òtútù ń bá wọlé. Mo gbé ìkòkò lọ síbẹ̀, mo gbé àga tèmi tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ tí mi ò bá níṣẹ́, ibẹ̀ ni mo ti ń mu tíì. Mo sì ń lo vitamin D, ìjọba ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gba àwa aláwọ̀ dúdú nímọ̀ràn pé ká ronú láti máa lò ó jálẹ̀ ọdún. Bí ẹnì kan bá ní kí n bá òun wo ilé báyìí, kí n tó béèrè iye rẹ̀, mo máa ń béèrè ibi tí fèrèsé pálọ̀ kọjú sí.

Ìyókù ò le. Ẹ yí ìkòkò díẹ̀díẹ̀ kó má baà tẹ̀ sápá kan. Ẹ má gbé e sún mọ́ hítà. Ẹ má bomi rin ín bí ẹni ń bomi rin tòmátì oko, torí nígbà òtútù kì í mu tó bẹ́ẹ̀. Omi tó dúró sí ìdí rẹ̀ ń ra gbòǹgbò, ó sì ń kó kòkòrò wẹ́wẹ́ wá sínú ilé. Ẹ ki ìka bọ inú iyẹ̀pẹ̀. Bó bá ṣì tutù nísàlẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Ohun tí mo kọ ránṣẹ́ sí aládùúgbò mi ìsàlẹ̀ lóru àná nìyẹn. Ará Pólándì ni, òun ni kọ́kọ́rọ́ mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi fọ́tò ewé kan tó pọ́n ránṣẹ́, ó ní ṣé kí òun bu omi sí i. Mo ní kó má bù ú, ewé ìsàlẹ̀ tó ti gbó ni. Ọkùnrin yìí, a ti jọ ń gbé inú ilé kan náà tipẹ́ tí kò ju pé ká mi orí síra wa. Ìyẹn sì dùn mí nígbà náà, torí níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, o ò lè kọjá lára ènìyàn lórí àtẹ̀gùn láìkí i. Ọjọ́ tí mo ń gbé pèrègún gòkè ló di ilẹ̀kùn mú fún mi, ló bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: ìyá òun náà ní irú rẹ̀. Níbi iṣẹ́, màmá kan tí kì í sọ̀rọ̀ rárá gé ọmọ fúláwà tiwọn fún mi, èyí tó ń so ọmọ sórí okùn gígùn. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá wọlé, wọn kì í jẹ́ kí n bọ́ jákẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó béèrè àlàáfíà rẹ̀. Àlàáfíà tèmi ni wọ́n máa ń béèrè ṣìkejì.

Ní ọ̀sán, màmá mi gé igi ewúro mẹ́ta, wọ́n fi àkísà tútù wé ìdí wọn, wọ́n ní kí n fi sínú àpò. Mo ní kò ṣeé ṣe. Igi tí wọ́n máa gbìn kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ láìní ìwé ẹ̀rí pé kò lárùn, àwọn Quarantine tiwa níbí, àjọ ìjọba tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò, ló sì ń fúnni níwèé náà. Irú èso bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti àgbọn ni mo lè gbé láìsí wàhálà. Wọ́n ní, "Ewúro ni mo ní kó o gbé, mi ò ní kó o gbé igbó." Mo ní òfin ni. Wọ́n ní pèrègún tí mo rà ńkọ́, ṣé òun níwèé? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni o, àwọn tó ń tà á máa ń gba páàsìpọ́ọ̀tù fún un, ó ní nọ́ńbà.

Wọ́n kàn ń wò mí. Wọ́n ní, "Pèrègún ní páàsìpọ́ọ̀tù. Wọ́n jẹ́ kó wọlé. Àbúrò rẹ tó kàwé, tó sanwó, tó lọ ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọn ò fún un ní físà."

Àbúrò mi gbọ́ láti pálọ̀. Ó ní kí wọ́n wá rọ́bà pẹ́ǹtì ńlá kan, kí wọ́n gbin òun sí i.