Ọkọ̀ igi Roanoke: iná, oje àti ìkarahun

Irú ọkọ̀ tí a ń gbẹ́ yìí ni àwọn Algonquian, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ń tù ní erékùṣù Roanoke àti etíkun Carolina nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1584. Ìtì igi kan ṣoṣo ni: kò sí ìṣó níbẹ̀, kò sí pákó tí a kàn mọ́ra. Iná ni wọ́n fi ń bi igi wó, iná náà ni wọ́n fi ń gbẹ́ inú rẹ̀, ìkarahun ni wọ́n sì fi ń họ èédú kúrò. Ẹnu àwọn tó fojú rí i la ti mú ìlànà. Arthur Barlowe wà lára àwọn tó dé ní 1584. Thomas Harriot gbé Roanoke fún ọdún kan, láti 1585 sí 1586. Kí ó tó débẹ̀ ni ó ti kọ́ èdè wọn lẹ́nu Manteo àti Wanchese, ọmọ onílẹ̀ méjì tí wọ́n mú lọ sí Ìlú Ọba. John White ya ọkọ̀ wọn ní àwòrán, Theodor de Bry sì tẹ àwòrán bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ jáde ní 1590.

Tiwa kéré: ìdá mẹ́ta ọkọ̀ tó gùn ní mítà 5.4. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló gbà, ọjọ́ Sátidé nìkan.

Igi

Cypress inú àbàtà àti pine ni igi tiwọn. Ní Lake Phelps, North Carolina, nígbà tí omi adágún náà fà ní àwọn ọdún 1980, ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ 30 ni wọ́n rí ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan lára wọn ti lé ní 4,000 ọdún, òmíràn sì gùn tó mítà 11. Kò sí cypress ní ilé ìlagi wa, arère ni a mú dípò. Ó fúyẹ́, kò le, kókó ara rẹ̀ kò sì pọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń rùn nígbà tó bá ṣì tutù (ẹ tètè sọ fún aládùúgbò), àti pé bí ẹ bá fi í sílẹ̀ nínú ọ̀rinrin láìfọwọ́ kàn án, àwọ̀ búlúù á mú un, kò sì ní kúrò mọ́.

Ìtì wa gùn ní 180 cm, ìbú rẹ̀ jẹ́ 32 cm, ó wọ̀n tó 75 kg, ẹni méjì ló ń gbé e. Igi tútù ni kí ẹ rà, èyí tí wọ́n gé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Omi inú rẹ̀ ló ń dá iná dúró níbi tí ẹ̀yin iná bá pin sí. Igi gbígbẹ kò mọ ààlà. Ibi tí ẹ kò fẹ́ kó jó náà ló máa kọ́kọ́ jó.

Ọ̀sẹ̀ Kìíní: ìmúrasílẹ̀

Èèpo kọ́kọ́ kúrò. Nígbà tí igi ṣì tutù, ẹ fi ìkarahun tó nípọn ti ẹ̀gbẹ́ èèpo, á bọ́ gbọọrọ bí awọ ẹran. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá, ẹ ó máa họ ọ́ ni, iṣẹ́ á sì di ìlọ́po mẹ́rin.

Lẹ́yìn náà ni yíyan ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ẹ̀gbẹ́ tí kò ní kókó tí kò sì sán ni kó wà nísàlẹ̀, òdìkejì rẹ̀ ni iná máa wọ̀. Lójú òkè yìí a gé 8 cm kúrò kó lè tẹ́jú, kí ẹnu ọkọ̀ sì fẹ̀ tó nǹkan bí 28 cm. Ayùn ilé ìlagi la fi gé e. Àwọn tó ni iṣẹ́ náà á fi iná jó o wálẹ̀ ni, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ pa ìlànà mọ́ pátápátá kí ó fi ọ̀sẹ̀ méjì kún tiwa.

Harriot ní orí igi tí wọ́n gbé dábùú lórí òpó tó ya ẹ̀ka méjì ni wọ́n ń gbé ìtì náà lé, kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ má baà máa bẹ̀rẹ̀. Òpó mẹ́rin la rì, gíga wọn 75 cm lókè ilẹ̀. Kó má ga ju ìbàdí lọ, nítorí ìwúwo ara ni èèyàn fi ń họ èédú, kì í ṣe agbára apá nìkan.

Orí ìtì méjèèjì ló máa ń kọ́kọ́ sán. A fi amọ̀ bò wọ́n ní ọjọ́ kìíní, a sì fi àpò tútù wé e. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta péré, ìlà á ti wọ inú igi, iná á sì gba ibẹ̀ jáde bí ẹni gba ẹ̀yìnkùlé.

Ọ̀sẹ̀ Kejì: iná àkọ́kọ́

Amọ̀ garawa méjì, eérú ìdajì garawa, koríko gbígbẹ tí a gé wẹ́wẹ́ ní ẹ̀kúnwọ́ mẹ́fà: èyí ni ohun tó ń dáàbò bo etí ọkọ̀. A lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí méjèèjì ní ìbú 3 cm, ó sọ̀kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìta ní 8 cm, ó nípọn ní 2.5 cm. A fi 20 cm sílẹ̀ lórí àti nídìí. Iná kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Harriot wí, pé wọ́n ń dá orí méjèèjì sí.

Ẹ̀yin iná là ń lò, kì í ṣe ọwọ́ iná. Ọwọ́ iná ń lá ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yin iná ń jẹ ìsàlẹ̀. A tẹ́ ẹ ní ìlà kan láàárín gbùngbùn, ìbú 12 cm, a sì ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ìṣẹ́jú 45 ni ìpele kan, ó sì ń fún wa ní èédú tó jìn tó 1 cm. Ìpele mẹ́rin lóòjọ́ tó. Ìkarùn-ún kì í fani mọ́ra.

Ohun tó bàjẹ́: ní ìpele kẹta, amọ̀ etí òsì gbẹ, ó bọ́, iná sì jẹ etí náà wọlé ní 1.5 cm. Ìdí méjì ló fà á. A lẹ amọ̀ mọ́ igi tí eruku wà lára rẹ̀ láìkọ́kọ́ fi omi rẹ igi náà. Èkejì, atẹ́gùn ń fẹ́ wá láti apá ọ̀tún, ó sì ń ti gbogbo ooru sí òsì. Àtúnṣe: ẹ ha ojú igi kó rí wúruwùru, ẹ fi omi rẹ ẹ́ kí ẹ tó lẹ amọ̀, ẹ máa wọ́n omi sí amọ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú 15, ẹ sì kọ orí ìtì sí ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, kó má ṣe fẹ́ lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Etí ọ̀tún la wá họ kó bá òsì dọ́gba.

Ọ̀sẹ̀ Kẹta: oje

Ohun tí Barlowe rí tí Harriot kò sọ ni oje. Ó ní wọ́n ń da oje igi sí ẹ̀gbẹ́ kan ìtì kí wọ́n tó tiná bọ̀ ọ́, àti pé níbikíbi tí wọ́n bá fẹ́ kó jìn sí i tàbí kó fẹ̀ sí i ni wọ́n ń fi oje kún. A kọ́kọ́ rò pé kí iná lè tètè ràn ni. Ìgbà tí a lò ó ló yé wa: oje ni kálámù wọn. Iná tí ìwọ kò lè darí, oje á bá ọ darí rẹ̀.

Oje pine gbígbẹ tí a gún kúnná la lò, ṣíbí ìjẹun méjì fún ibi tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. Ẹ wọ́n ọn sójú ibi tí ẹ fẹ́ kó jìn, kí ẹ tó kó ẹ̀yin iná lé e. Nígbà tí a ṣàṣejù tí a fi mẹ́rin sí i, ó yọ́, ó ṣàn lọ sí abẹ́ etí ọ̀tún, iná sì tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀. Láti ìgbà náà, a kì í lo oje ní ibi tó bá súnmọ́ etí ju 6 cm lọ.

Ìkarahun ńkọ́? Èyí tó nípọn tó sì gbòòrò bí àtẹ́lẹwọ́ ló dára. Ẹ dì í mú kí etí rẹ̀ dùbúlẹ̀ díẹ̀ sórí igi, ẹ fà á bọ̀ sọ́dọ̀ ara yín. Bí ẹ bá nà án ṣánṣán, etí rẹ̀ á fọ́. Èédú gidi á máa dún kẹrẹkẹrẹ, á sì máa bọ́ ní páálí páálí. Nígbà tí ohùn náà bá wúwo tí ojú igi sì di àwọ̀ ilẹ̀, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má họ ọ́ dé ibi tó funfun, torí ojú aláwọ̀ ilẹ̀ yẹn ló máa tètè gba iná ní ìpele tó kàn. Ìkarahun 14 ló ti ṣá lọ́wọ́ wa títí di òní; etí òkúta líle ni a fi ń pọ́n wọn.

Ẹ má da omi gọ̀bù pa iná. Igi gbígbóná tí omi tútù bá là mọ́lẹ̀ á sán. Aṣọ tútù tàbí iyanrìn ọlọ́rinrin ló dára. Kí ẹ tó lọ sùn, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yẹ gbogbo inú ọkọ̀ wò: ibi tó bá ṣì gbóná ní wákàtí kan lẹ́yìn iṣẹ́, iná wà nínú rẹ̀, á sì máa jẹ ẹ́ di àárọ̀.

Ọ̀sẹ̀ Kẹrin

Inú ti jìn dé 13 cm. Kókó kan yọ ní 50 cm sí orí. Kókó le ju igi tó yí i ká, nítorí náà ńṣe ló yọ sókè nígbà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń wọlẹ̀. Ẹ má fi ìkarahun bá a jà. Ẹ̀yin iná kan ṣoṣo la gbé lé e lórí, a sì fi ọ̀pá oníhò fẹ́ ẹ fún ìṣẹ́jú 20. Ìgbà mẹ́ta, ó ti bá àwọn tó kù dọ́gba.

Nípa ìwọ̀n: igi títẹ̀ méjì tí a so lórí bí ẹ̀mú ni a fi ń wọn bí ẹ̀gbẹ́ ṣe nípọn tó. Igi gígún kan tí a gbé dábùú ẹnu ọkọ̀, pẹ̀lú ọ̀pá tí a sàmì sí, ló ń sọ bó ṣe jìn tó. A tún ń fi ìka kàn án láti ìta. Ibi tó nípọn á dún gbọ̀, ibi tó ti fẹ́lẹ́ á dún kọ̀ọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, etí gbọ́ ọ ju ọ̀pá lọ.

Ọ̀sẹ̀ Karùn-ún: ẹ̀gbẹ́ àti ìta

A dúró ní 19 cm. Ìsàlẹ̀ ṣì nípọn ní 5 cm, ẹ̀gbẹ́ ní 3 cm. Ìdí tí a kò fi sọ̀kalẹ̀ sí i ni pé ìta ìsàlẹ̀ roboto, ọkọ̀ á sì máa yí bí agbè lójú omi. A dà á dé, a jó o, a họ ọ́ títí ibi tó tẹ́jú fi fẹ̀ ní 10 cm láti orí dé ìdí. Èyí jẹ 8 mm péré. Orí àti ìdí la jó láti ìta títí wọ́n fi rí roboto bí ti àwòrán White.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí ni irin ń pe èèyàn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti họ èédú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á mọ ìdí tí àwọn ará Roanoke fi fi ohun tó dára ṣe pàṣípààrọ̀ fún àáké àti ọ̀bẹ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1584. Idà ni wọ́n fẹ́ jù, Barlowe sì ní àwọn kò fún wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má pe iná ní iṣẹ́ ẹni tí kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. John Smith, tó rí irú ọkọ̀ yìí ní Virginia lẹ́yìn 1607, kọ̀wé pé àwọn kan gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 40 sí 50, wọ́n ń gbé èèyàn 40, àjẹ̀ wọn sì ń sáré ju ọkọ̀ ìtù tàwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Àwòrán tí à ń wò yìí náà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ní oṣù Keje 1585, White wà lára àwọn tó lọ wo àwọn ìlú onílẹ̀. Nínú ìrìn àjò yẹn kan náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ẹnì kan jí ife fàdákà àwọn ní Aquascogoc. Wọn kò rí i gbà padà, wọ́n sì dáná sun ìlú náà àti àgbàdo inú oko.

Ọ̀sẹ̀ Kẹfà: omi

Ọkọ̀ wọ̀n ní 25 kg báyìí. Ó léfòó, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ sí òsì. Ẹ̀mú fi hàn pé ẹ̀gbẹ́ òsì fi 4 mm nípọn ju ọ̀tún lọ láàárín gbùngbùn. Ìpele iná kan pẹ̀lú oje díẹ̀, ó dọ́gba.

Barlowe sọ nípa ọkùnrin kan tí wọ́n fún ní ẹ̀wù, fìlà, ọtí àti ẹran, tó sì bọ́ sínú ọkọ̀ tirẹ̀ láti pẹja. Kò tó ààbọ̀ wákàtí tí ọkọ̀ náà fi kún débi tí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó. Ó pín ẹja sí òkìtì méjì, ọ̀kan fún ọkọ̀ ńlá àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan fún kékeré wọn. Ìdánwò ẹrù tiwa nìyẹn: a ń to òkúta sí i títí omi fi ku 5 cm sí etí. Ó gba 48 kg, kò sì yí.

Nínú àwòrán ìpẹja White, iná ń jó láàárín ọkọ̀. Iyanrìn tútù 3 cm la tẹ́ fún tiwa, ìbú 15 cm, ẹ̀yin iná sì wà lórí rẹ̀ fún wákàtí kan: igi abẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ọ́rọ́ lásán.

Àjẹ̀ kò tíì parí. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ti pẹ́ ju Roanoke lọ: ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá 1492, nígbà tí àwọn Taíno, onílẹ̀ erékùṣù Caribbean, tu ọkọ̀ igi wá bá Columbus ní Guanahaní ní Bahamas, ó ní àjẹ̀ wọn rí bí ṣọ́bìrì tí oníbúrẹ́dì fi ń ti búrẹ́dì sínú ààrò. Èdè Taíno náà ni Sípéènì ti mú orúkọ canoa. Columbus tún kọ ọ́ pé bí ọkọ̀ bá dà wọ́n nù, gbogbo wọn á lúwẹ̀ẹ́, wọ́n á yí i padà, wọ́n á sì fi igbá tí wọ́n gbé dání gbọ́n omi rẹ̀. A dán an wò. A rì í sínú omi títí ó fi kún, nǹkan bí lítà 50, a yí i padà, a mì í lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ìdajì lè dànù, a wá fi ààbọ̀ igbá tó ń gba lítà kan gbọ́n èyí tó kù. Ìgbà 26 ni a gbọ́n ọn. Agolo tí a kọ́kọ́ lò kò lè gbọ́n ibi tó rí kọrọdọ nísàlẹ̀; ẹ̀yìn igbá roboto, ó bá inú ọkọ̀ mu.