Samsø, erékùṣù tí afẹ́fẹ́ ń fún níná

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ Samsø ò kúrò lọ́kàn mi látàná o. Erékùṣù kékeré kan ni ní Denmark, àwọn tó ń gbébẹ̀ ò ju nǹkan bí 4,000 lọ. Lọ́dún 1997 ìjọba wọn ṣe ìdíje pé ìlú wo ló lè pa epo tì láàárín ọdún 10 kó máa lo afẹ́fẹ́, oòrùn àti nǹkan oko, Samsø ló wọlé. Søren Hermansen, ọmọ ibẹ̀ tó ti ṣe tíṣà rí, ló ń ti ìpàdé dé ìpàdé, tó ń bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáá títí wọ́n fi gbà.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ ńlá 11 tí afẹ́fẹ́ ń yí láti fi pèsè iná mànàmáná sórí ilẹ̀, wọ́n tún gbé 10 sínú òkun. Ohun tó wù mí jù ni pé àwọn ará ìlú náà ló ni púpọ̀ nínú ẹ̀, àwọn àgbẹ̀ kan dá ra tiwọn, àwọn tówó ò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ wọn sì dáwó jọ ra ṣíà, àfi bíi kọpuréètì tiwa! Ta ló máa bínú sí ẹ̀rọ tó ń pawó wọlé fún un? Otútù ibẹ̀ náà kì í ṣe kékeré, pòròpóró tó ṣẹ́kù lóko ni wọ́n ń dáná sí, wọ́n á wá fi páìpù gbé omi gbígbóná lọ sínú ilé àwọn èèyàn kó lè móoru.

Ládùúgbò wa ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ látìrọ̀lẹ́, kálukú ń dá ra epo tiẹ̀. Mo ti sọ fáwọn tá a jọ wà ní kọpuréètì pé ká bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó sólà, èèyàn mẹ́ta ti gbà.