Lẹ́tà tí kò tẹ̀lé mọ́tò dé Òṣogbo

Ọjọ́bọ̀, lálẹ́

Láti àná ni ọ̀rọ̀ àga iwájú mọ́tò kò ti kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Texas ló pè mí. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò àwọn kọ lẹ́tà sí àwọn nílé, pé irin tó ń mú ẹ̀yìn àga iwájú dúró lè má lágbára tó, kí wọ́n gbé mọ́tò náà padà wá fún àtúnṣe. Wọ́n gbé e lọ láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán wọ́n ti gbà á padà. Kọ́bọ̀ kò jáde lápò wọn. Ohun tó mú kí wọ́n pè mí ni pé irú mọ́tò yẹn gan-an, ọdún kan náà, ni èmi náà ń wà káàkiri Òṣogbo níbí. Wọ́n ní, "Àbúrò mi, ṣé wọ́n ti sọ nǹkan kan fún ọ nípa tìrẹ?"

Ta ni ìbá sọ ọ́ fún mi? Tòkunbọ̀ ni mọ́tò mi. Ẹni tí orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ wà nínú ìwé mọ́tò lọ́hùn-ún ni wọ́n máa ń kọ lẹ́tà sí. Nígbà tí onítọ̀hún ti tà á, tí wọ́n ti lu ú ní gbàǹjo, tí wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó, tí oníṣòwò kan sì wà á wá síbí tí mo fi rà á, orúkọ wo ni wọ́n fẹ́ kọ sórí àpòòwé? Mọ́tò ti rìn jìnnà ju lẹ́tà lọ.

Púpọ̀ nínú wa ló rò pé irin ìgbádùn lásán ni irin yẹn, èyí tí èèyàn ń fà nígbà tó bá fẹ́ na ẹ̀yìn díẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ àga iwájú nísàlẹ̀, níbi tí ibi ìjókòó àti ibi tí a ń fẹ̀yìn tì ti pàdé. Irin róbótó kan wà níbẹ̀, bóyá wọ́n fi ike bò ó. Eyín wà nínú rẹ̀ yí ká, bíi ti gíà. Àwọn irin kéékèèké mìíràn tí àwọn náà ní eyín a máa wọnú eyín yẹn, wọn á sì há síbẹ̀. Tí a bá fa ọwọ́ àga, wọ́n á jáwọ́ nínú ara wọn, ẹ̀yìn àga á rọ̀. Tí a bá fi í sílẹ̀, súpíríǹgì á tún tì wọ́n padà sáyè wọn. Eyín wọ̀nyẹn ló gbé gbogbo ẹ̀yìn wa dúró, kò sí òmíràn.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ mìíràn bá gbá wa látẹ̀yìn ni iṣẹ́ wọn tó hàn. Mọ́tò á ta síwájú lójijì, ara tiwa kò tíì ṣetán àtilọ, gbogbo ìwọ̀n wa á wá di ti ẹ̀yìn àga. Tí eyín náà kò bá dì í mú, àga á dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, ẹni tó jókòó á yọ̀ kúrò lábẹ́ bẹ́líìtì, orí rẹ̀ ló máa ṣíwájú lọ bá àga ẹ̀yìn. Bẹ́líìtì kò lè ṣe ohunkóhun fún ẹni tí àga rẹ̀ ti ṣubú. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kàn mí jù: ọmọ ló sábà máa ń wà lẹ́yìn àga yẹn. Dámi mi, ẹ̀yìn mi gan-an ló máa ń jókòó sí tí a bá ń lọ sílé-ìwé, kó lè máa fi ẹsẹ̀ gbá àga kó sì máa bi mí ní ìbéèrè. Láti àná ni mo ti ń rí i lójú inú mi pé èmi ìyá rẹ̀ ni mo máa ṣubú lé e lórí.

Kì í ṣe ohun tí ẹnì kan jókòó rò. Lọ́dún 2019, Ford pe mọ́tò tó lé ní 300,000 padà ní Àríwá Amẹ́ríkà, F-150, Explorer àti Expedition wà lára wọn. Irin kéékèèké mẹ́ta ló yẹ kó wà nínú irin róbótó yẹn láti fún ẹ̀yìn àga lágbára. Nínú àwọn kan, ẹ̀kẹta kò sí níbẹ̀. Ẹni tó jókòó sórí irú àga bẹ́ẹ̀ kò lè mọ̀. Á fà á, á gbéra, á há, á dún kọ́ bó ṣe yẹ kó dún. Bí obì tí kòkòrò wà nínú rẹ̀ ni: lóde, ó dán. Àga tèmi náà kò mì, kò ké rárá. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé, "Tó bá ní nǹkan tó ṣe é, a máa gbọ́."

Òfin ló wà lẹ́yìn lẹ́tà ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe àánú. Lọ́dún 1966 ni Amẹ́ríkà ṣòfin ààbò mọ́tò wọn, nígbà tó sì di 1974, wọ́n fi kún un pé ẹni tó ṣe mọ́tò tó ní àléébù ló gbọ́dọ̀ tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Àjọ kan tó ń jẹ́ NHTSA ló ń mójú tó o. Àjọ yìí ní ojú òpó kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè tẹ nọ́ńbà mọ́tò sí, kò sì béèrè owó tàbí orúkọ.

Nọ́ńbà ṣásí ni mò ń wí, kì í ṣe ti pílétì. Ẹ dúró síta, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú ní ìhà ọ̀dọ̀ dírẹ́bà, lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ máa rí i. Ó wà lára ìwé tó lẹ̀ mọ́ ibi tí ilẹ̀kùn dírẹ́bà ń tì sí pẹ̀lú. Àpapọ̀ lẹ́tà àti òǹkà 17 ni. Kò sí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú rẹ̀, kí èèyàn má baà ṣì wọ́n mú fún 1 àti òdo. Mo da tèmi kọ láàárọ̀ yìí kí oòrùn tó mú, mo tẹ̀ ẹ́ sí orí fóònù. Ó jáde. Àga iwájú, ìhà ọ̀tún àti ìhà òsì. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé wọn kò tíì tún un ṣe.

Èèyàn mélòó ló ti jókòó sórí àga yẹn kó tó kàn mí?

Ẹ jẹ́ kí n yà bá ọ̀rọ̀ kan díẹ̀, torí ó kan ọ̀pọ̀ mọ́tò àdúgbò wa. Àpò afẹ́fẹ́ tó máa ń wú nígbà tí mọ́tò bá forí gbárí, èyí tí ilé-iṣẹ́ Takata ti Jàpáánù ṣe, ìyẹn ni ìpèpadà tó tóbi jù tí Amẹ́ríkà tíì rí. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń ba ẹ̀tù inú rẹ̀ jẹ́ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, títí irin tó bò ó á fi lè fọ́ yángá kó sì gún ẹni tó jókòó. Corolla wà lára wọn, àwọn kan tí wọ́n ṣe láàárín 2003 sí 2013. Lọ́hùn-ún, àwọn ìpínlẹ̀ tó gbóná tó sì lọ́rinrin bíi Florida ni wọ́n fi ṣáájú nínú àtúnṣe. Kí la máa wá sọ nípa Òṣogbo? Ẹ dúró ní oríta Ọláìyá fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ ka Corolla tó ń kọjá.

Nígbà tó di ọ̀sán, mo gbé mọ́tò lọ bá bàbá mẹkáníìkì wa. Wọ́n fa ọwọ́ àga, wọ́n tì í síwá sẹ́yìn, wọ́n ní koko lara rẹ̀ le. Nígbà tí mo ṣàlàyé, wọ́n gbọ́ mi dáadáa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún ìyẹn. Wọ́n ní, "Ìyá Dámi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ajórin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí. Á jó o pọ̀ lọ́tùn-ún lósì, kò ní lè ṣubú mọ́ láéláé."

Mo mọ̀ pé inú rere ni wọ́n fi sọ ọ́, àmọ́ mi ò gbà. Irin eyín yẹn, iná ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ nílé-iṣẹ́ kó tó le tó bẹ́ẹ̀. Iná ajórin á tún sọ apá kan di rírọ̀, á sì sọ apá mìíràn di èyí tó máa ń kán. Lójú, á dà bíi pé ó ti dúró. Agbára rẹ̀ ti lọ. Ó tún ku àpò afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́: nínú ẹ̀yìn àga gan-an ni wọ́n fi í sí nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò. Ta ló fẹ́ máa tan iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí wọ́n ṣe kó lè bú? Nígbà tí mo sọ èyí, bàbá dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní òótọ́ ni, pé àwọn wáyà yẹ́lò kan wà lábẹ́ àga tí ọ̀gá àwọn ti kìlọ̀ fún àwọn láti kékeré pé kí àwọn má fọwọ́ kàn láìkọ́kọ́ tú orí bátìrì. A jọ bẹ̀rẹ̀, a wò ó. Wọ́n wà níbẹ̀.

Wọ́n tún ní kí n ra odindi àga tòkunbọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù. Mọ́tò tó forí gbárí lọ́hùn-ún, tí wọ́n sì tú palẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa tún àga rẹ̀ ṣe, àga yẹn náà ló ń bọ̀ wá sí ọjà wa. Kò ní nọ́ńbà lára tí mo lè tẹ̀ wò. Mo lè fi owó mi ra àléébù kan náà, kí n sì máa yọ̀.

Mo pe ibi tí wọ́n ti ń ta irú mọ́tò náà ní tuntun ní Èkó. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù sọ̀rọ̀ tìtẹríba-tìtẹríba, ó gba nọ́ńbà náà sílẹ̀, ó béèrè bóyá ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti rà á. Mo ní rárá. Ó ní àwọn máa wádìí bóyá irin náà wà nílẹ̀, pé ó ṣeé ṣe kí èmi san owó iṣẹ́. Màá san án bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dùn mí, torí àga kan náà ni, ọwọ́ kan náà ló ṣe é, ẹ̀yìn èmi àti ti ẹ̀gbọ́n mi kò sì yàtọ̀ síra.

Òfin àwa náà kò dákẹ́. Òfin ọdún 2018 tó gbé FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, kalẹ̀ fún ẹni tó ra ọjà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tí kò léwu. Ohun tí mo ń rò láti ọ̀sán ni bí òfin náà ṣe lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ra tòkunbọ̀. Ẹ wò ó: láti 2022 ni àwọn aṣọ́bodè ti ń lo nọ́ńbà ṣásí yìí kan náà láti ṣírò owó orí mọ́tò tó bá wọlé. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí a bá lọ ṣe ìwé mọ́tò àti pílétì, wọ́n tún ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nọ́ńbà tí ìjọba fi ń mọ iye tí a máa san, kí ló dé tí wọn ò lè fi wo bóyá mọ́tò náà lè pa wá? Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ síwèé, kí wọ́n fún ẹni tó ń gbà á. Mi ò ní kí wọ́n dá mọ́tò padà sínú òkun. Àwọn tó ń fi í jẹun pọ̀ jù. Kí ẹni tó máa wà á ṣáà mọ̀.

Àwọn onítakisí wa ló ń ṣe mí láàánú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èrò méjì ni wọ́n ń kó sí àga iwájú kan, láti Ìgbóná dé Òkè-Fíà, látàárọ̀ ṣúlẹ̀, lórí irin tí wọ́n ṣe fún ẹ̀yìn ẹnì kan. Tí típà bá wá gbá wọn látẹ̀yìn lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán, mi ò fẹ́ ronú débẹ̀.

Ní tèmi, mọ́tò ti wà nínú ọgbà, ibẹ̀ náà ló máa wà títí Èkó á fi dáhùn. Ìyá Fẹ́mi tó wà ní ojúlé kejì ti ní àwọn á máa gbé Dámi lọ sílé-ìwé pẹ̀lú ọmọ tiwọn. Kí n tó dúpẹ́, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo nọ́ńbà mọ́tò tiwọn. Kò mú nǹkan kan jáde, àmọ́ mọ́tò wọn ti dàgbà, ojú òpó NHTSA kì í sì í sábà fi ìpè tó ti lé ní ọdún 15 hàn. A ṣì máa wò ó lójú òpó ilé-iṣẹ́ tó ṣe é lọ́la. Bàbá onílé náà gbọ́, wọ́n ti fi nọ́ńbà tiwọn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ó kọ̀, kò wọlé. Lẹ́tà O ni wọ́n kọ sí ibi méjì nínú rẹ̀, mo ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n lọ tún un wò láàárọ̀, pé òdo ló máa jẹ́.