Kí ẹ tó ra taya iwájú míì, ẹ fọwọ́ ra ti àtijọ́ wò

Taya ẹ̀yìn ló sábà máa ń kọ́kọ́ tán lára ọ̀kadà. Òun ni ẹ́ńjìnnì ń yí, òun náà ló ru èrò àti ẹrù. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa kì í fi í wo ti iwájú, àfi tí ọwọ́ ọ̀kadà bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ohun tí wọ́n á sì kọ́kọ́ sọ fún yín nígbà náà ni pé taya yẹn ò dáa, ẹ lọ ra òmíì. Èmi kì í gbà á bẹ́ẹ̀ mọ́. Kajú ni mò ń rà ká, láti Ìkòyí-Ilé títí dé àwọn abúlé ẹ̀yìn Ìrẹsà-Adù, mo sì ń kó o wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Láti oṣù kejì títí wọ oṣù kẹrin, ọ̀kadà Boxer mi kì í sinmi. Ó jẹ taya iwájú débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tó fà á, ohun tí mo sì rí ni pé bí taya bá ṣe jẹ náà ló máa ń sọ ohun tó ń ṣe ọ̀kadà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí kì í ṣe àìsàn. Tí ẹ bá rí i pé ẹ̀gbẹ́ òsì taya iwájú fi díẹ̀ jẹ ju ti ọ̀tún lọ, ẹ fara balẹ̀. Wọ́n máa ń mọ ọ̀dà kí àárín rẹ̀ ga kí omi òjò lè ṣàn sí gọ́tà. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 la ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún ní Nàìjíríà, torí náà ibi tó dà sọ́tùn-ún la máa ń wà. Ilẹ̀ dà, ṣùgbọ́n ọ̀kadà dúró ṣánṣán, ẹ̀gbẹ́ òsì taya ló wá ń pàdé ọ̀dà jù. Ẹ tún fi ti kọ́nà kún un: tí a bá ń yà sósì, ọ̀nà tí a ń tọ̀ gùn ju ti ọ̀tún lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ráńdábáọ̀tì èyíkéyìí, òsì la máa ń yí sí. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti ń gba ọwọ́ òsì, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún làwọn ọlọ́kadà ń ráhùn lé lórí. Ẹnì kan ní Sábó ti sọ fún mi rí pé owó tí mo ń kó sápò kan ló ń tẹ ọ̀kadà mi. Ì bá wù mí kí owó mi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ọ̀tún ló jẹ jù, tàbí tí òsì jẹ kọjá bó ṣe yẹ, ẹ wo bóyá ẹsẹ̀ méjèèjì wà lórí ìlà kan. Ibi tí wọ́n ti ń fa ṣéènì ni wàhálà yìí ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe é á yí nọ́ọ̀tì apá kan ju ìkejì lọ, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ti iwájú á wá máa bá a jà kí ọ̀kadà lè lọ tààrà. Àmì wà lára irin tó di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú lọ́tùn-ún lósì. Ẹ rí i pé wọ́n bára mu. Èmi kì í gba àmì yẹn gbọ́ tán, okùn ni mo máa ń fà láti ara taya ẹ̀yìn lọ sí iwájú, níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Àlàfo tó wà láàárín okùn àti taya iwájú gbọ́dọ̀ dọ́gba.

Èyí tó ń pa owó èèyàn gan-an ni èyí tó máa ń ní gegele àti kòtò yíká, bí ojú ọpọ́n ayò. Ojú lè má rí i, ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé ọ̀kadà sórí sítáńdì ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra taya náà lọ, kí ẹ sì tún rà á bọ̀. Tó bá kàn ń dán lọ́nà kan tó sì ń họ ọwọ́ lọ́nà kejì, bíréèkì ló fà á, tó bá mọ níwọ̀n kò burú. Ṣùgbọ́n tí ọwọ́ yín bá ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, nǹkan kan ti dẹ̀. Taya tí ohun tó dì í mú ti dẹ̀ kì í tẹ ilẹ̀ déédéé, ńṣe ló máa ń fò tó sì máa ń balẹ̀, ibi tó bá sì ti ń balẹ̀ ló ti ń jẹ.

Ọrùn ọ̀kadà, ìyẹn ibi tí ọwọ́ ọ̀kadà ti ń yí, ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Ẹ ní kí ẹnì kan tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ kí ẹsẹ̀ iwájú lè kúrò nílẹ̀. Ẹ di ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì méjèèjì mú, ẹ fà á, ẹ tì í. Tó bá ń dún kó-kó, ọrùn ti dẹ̀ nìyẹn. Ẹ wá yí ọwọ́ ọ̀kadà jẹ́jẹ́ láti ọ̀tún sí òsì. Tó bá ń há ní àárín gbùngbùn, àwọn irin róbótó inú ọrùn ti gbẹ́ ihò síbi tí wọ́n jókòó sí, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè fún un mọ́ra tó máa san. Kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ ni. Níbi tẹ́ ẹ dúró sí yẹn náà, ẹ di taya mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì ín kí ẹ lè mọ bí béárìn ẹsẹ̀ ṣe wà. Ẹ fi sípánà kékeré kan àwọn sípókù lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tó le á dún gooro, èyí tó ti dẹ̀ á dún pó.

Lẹ́yìn náà ni ṣọ́ọ̀kì. Ẹ di bíréèkì iwájú mú, ẹ tẹ iwájú mọ́lẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ó yẹ kó gòkè lẹ́ẹ̀kan kó sì dúró. Tó bá ń jó lọ jó bọ̀, ọ́ìlì inú ẹ̀ ti jò tán tàbí ó ti di omi. Eruku ọ̀nà oko ló máa ń gé rọ́bà tó ń dí i. Ẹ kíyè sí mẹkáníìkì tó máa ń bu ọ́ìlì dúdú tó tú lára ẹ́ńjìnnì síbẹ̀, tí á sì fojú wọ̀n ọ́n. Ọ́ìlì ṣọ́ọ̀kì ni kó fi sí i, ti ọ̀tún àti ti òsì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Sìríńjì ńlá tí mo rà nílé oògùn ni mo máa ń mú lọ, ọ̀gá mẹkáníìkì sì máa ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Ti afẹ́fẹ́ ò le. Tó bá kéré, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á jẹ. Tó bá pọ̀ jù, àárín á jẹ. Géèjì 25 ni mò ń fẹ́ sí iwájú Boxer mi, 28 sẹ́yìn tí mo bá dá gùn ún, 32 tí mo bá gbé ẹrù. Àárọ̀ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí taya tó gbóná. Ẹ má sì jẹ́ kí àpò kajú jìnnà sẹ́yìn ìjókòó, torí ó ń gbé iwájú fúyẹ́, taya á sì máa fò.

Ẹ tún gbogbo èyí ṣe kí ẹ tó ra taya. Èyí tó bá ti di gegele kì í padà bọ̀ sípò, bẹ́ẹ̀ náà ni tuntun tí wọ́n bá fi sórí ọrùn tó dẹ̀ á ṣe dà. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ taya: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019, ó ti gbó nìyẹn bí kò tilẹ̀ tíì rìn. Ẹ dúró ti fọkanáísà nígbà tó bá ń fi í sí i, kí ọfà ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjú síbi tí ẹsẹ̀ ń yí sí. Tẹ́ ẹ bá wá gùn ún kúrò níbẹ̀, ẹ má sáré, ẹ má sì tẹ bíréèkì lójijì, torí ara taya tuntun máa ń yọ̀ títí ọ̀dà á fi ha ojú ẹ̀ díẹ̀.