Ijó Ọmọ ní Leeds, Ijó Ọmọ ní Ifẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Ìrẹmọ, ní Ifẹ̀, rí fọ́tò ọmọ mi nínú aṣọ ballet, ijó òyìnbó kan, ló bá fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Àbúrò mi, ẹ ti rí ṣe o! Ijó àwọn ọmọ olówó lọmọ tiwa ń jó nílùú ọba. Ẹ má gbàgbé ilé o." Kó tó di alẹ́, ọ̀rọ̀ ti dé Modákẹ́kẹ́, ìbátan wa kan sì ti ní kí n bá òun san owó iléèwé ọmọ òun. Ó dùn mí wọra pé nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó béèrè bí ọmọ náà ṣe ń jó.

Ilé ẹ̀kọ́ ijó tó ń lọ kì í ṣe ti olówó. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Harehills, àdúgbò kan ní Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ń lò. Ó ti wà níbẹ̀ kí n tó gbọ́ orúkọ Leeds rárá. Obìnrin tó ń kọ́ àwọn kéékèèké, inú gbọ̀ngàn yẹn lòun náà ti kọ́ ijó nígbà tó wà lọ́mọdé. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ́nu, wọ́n á dín owó kù fún un. Àpótí bàtà kan wà lẹ́nu ọ̀nà: bàtà tó bá ti há ọmọ kan lẹ́sẹ̀, ìyá rẹ̀ á jù ú síbẹ̀, ọmọ mìíràn á mú un. Ibẹ̀ ni bàtà àkọ́kọ́ ọmọ mi ti wá. Píǹkì ni, àwọ̀ ẹsẹ̀ òyìnbó. Mo gbé e lé orí itan, mo fi pọ́dà ojú mi kùn ún díẹ̀díẹ̀, títí kan etí rọ́bà tí mo rán sókè rẹ̀, kó lè jọ ẹsẹ̀ ọmọ tó ni ín. Bẹ́ẹ̀ làwọn aláwọ̀ dúdú tó ń fi ballet jẹun ti ń ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 2018 ni ẹgbẹ́ oníjó Ballet Black àti àwọn Freed of London tó ń ṣe bàtà tó gbé bàtà aláwọ̀ tiwa jáde, irú èyí tí wọ́n fi ń dúró lórí ọmọ-ìka ẹsẹ̀.



Ní Ifẹ̀, ta ló ń kọ́ ọmọ níjó? Lọ́jọ́ ọdún Ọlọ́jọ́, ọmọ ọdún mẹ́rin á yọ́ kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ní Ẹnuwá, iwájú ààfin, á bọ́ sójú agbo, onídùndún á kọjú ìlù sí i, àwọn èèyàn á máa bèèrè pé, "Ọmọ ta nìyí? Ọmọ ta nìyí?" Owó á ti lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí kí ìyá rẹ̀ tó rí i. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ló máa gbé e padà fún ìyá rẹ̀, tòun ti owó rẹ̀.

Ní Leeds, òbí kì í wọ ibi tí àwọn ọmọ ti ń jó. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ la ń jókòó sí, kálukú tẹjú mọ́ fóònù. Tí mo bá wọlé, mo máa ń kí gbogbo wọn bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Àwọn kan á rẹ́rìn-ín músẹ́, àwọn kan á wò mí bí ẹni tó fẹ́ ta nǹkan fún wọn. Mo mọ òórùn kọfí obìnrin tó máa ń jókòó tì mí, mo mọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ọmọ tiẹ̀ àti tèmi sì jọ ń di ọ̀pá kan náà mú lára ògiri lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọmọdébìnrin kan sáré jáde, ó yọ̀ ṣubú, orúnkún rẹ̀ bó, ó figbe ta. Ìyá rẹ̀ ti lọ gbé ọkọ̀. Mo ti na ọwọ́ láti gbé e sórí itan, kí n fẹ́ atẹ́gùn sójú ọgbẹ́ náà. Òṣìṣẹ́ kan ní kí n jọ̀ọ́, kí n má fọwọ́ kàn án, àwọn á tọ́jú rẹ̀. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ló sọ ọ́. Ó mú àpótí oògùn wá, ó nu ojú ọgbẹ́, ó sì kọ ọjọ́ àti aago sínú ìwé. Ọmọ náà ń wò mí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo kó ọwọ́ mi sápò. Èmi tí mo ti nu imú ọmọ gbogbo àdúgbò wa! Ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán lára mi.

Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Ibi tí ọmọ bá pọ̀ sí ni ẹni ibi máa ń fẹ́ sún mọ́. Bí ọmọ bá ti fẹ́ ju ọjọ́ 4 lọ lórí ìtàgé láàárín oṣù 6, àfi kó gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ kánsù. Àwọn tó ń dúró tì wọ́n lẹ́yìn ìtàgé, kánsù ló ń fọwọ́ sí wọn, ẹnì kan ò sì gbọdọ̀ mójú tó ju ọmọ 12 lọ. Mo ti fọwọ́ sí ìwé fọ́tò, ìwé àìsàn, ìwé ẹni tó máa wá mú ọmọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìwé ló ń bá mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ju èèyàn lọ.

Síbẹ̀ náà, mi ò mú ọmọ mi kúrò, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Wọ́n dá Ori Olokun, ilé eré, orin àti ijó, sílẹ̀ ní Arúbídì nínú Ifẹ̀ lọ́dún 1968. Ola Rotimi ń ṣe eré níbẹ̀, Akin Euba ń ṣe orin, Peggy Harper ń to ijó. Àárín ìlú ni wọ́n gbé e sí, kí ará ìlú lè wọlé. Àmọ́ ní ìgbà tèmi, inú ọgbà yunifásítì ni eré wà, ní Oduduwa Hall, ibi tí ọmọ Ìrẹmọ ò kàn ní ṣàdédé yà sí. Ibi tí ọmọ ọdún mẹ́jọ lè máa lọ ní gbogbo Sátidé, tí olùkọ́ kan náà á sì tún wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, mi ò rí irú rẹ̀ nígbà tí mo ń wá a. Ní Harehills, àwọn ọ̀dọ́kùnrin aláwọ̀ dúdú mẹ́ta dá ẹgbẹ́ oníjó Phoenix Dance Theatre sílẹ̀ lọ́dún 1981. Títí di òní, Leeds náà ló wà. Ohun tó ń pẹ́ báyìí ni mo fẹ́ kí ọmọ mi dàgbà sínú rẹ̀.

Inú mi dùn lọ́jọ́ tí olùkọ́ bi mí pé níbo lọmọ mi ti kọ́ bó ṣe ń tẹ orúnkún, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó ń fún àwọn yòókù níṣòro nìyẹn. Mo ní níbi ìkómọ àti ìgbéyàwó àwa Yorùbá ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó máa ń tẹ̀ síwájú bíi ti oníjó bàtá ni wọ́n ń bá a tọ́ báyìí.

Kò tíì jó ní Ẹnuwá rí. Àárín sáà iléèwé ni Ọlọ́jọ́ máa ń bọ́ sí, wọ́n sì ń bu owó ìtanràn lé òbí tó bá yọ ọmọ kúrò ní kíláàsì láìgba àṣẹ. Ìyẹn ń dùn mí, mi ò lè parọ́. Ìyá mi bi mí lórí fóònù pé ṣé nítorí ijó ni mo ṣe jókòó sínú òtútù. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi, nítorí ijó ni. Mo ti san owó ìdánwò ijó rẹ̀."