Bí agbára bá tán lórí òkè

Ọjọ́ Ẹtì, Abẹ́òkúta

Ọyẹ́ ti mú láti ìdájí. Ẹni tó bá gbójú sókè láti Ìkijà á rí ohun tí eruku ń ṣe lára Olúmọ: níhà tí afẹ́fẹ́ ti ń kọlu òkúta, eruku ń gun òkè, níhà kejì, ó ń dà wálẹ̀, ó ń yí po bí omi tó kọjá lára òpó afárá. Olúmọ kò sì ju mítà 137 lọ sí ìpele òkun. Obudu tó mítà 1,600. Chappal Waddi jẹ́ 2,419. Bí afẹ́fẹ́ bá ń ṣe báyìí lára Olúmọ, ẹ wo ohun tí yóò ṣe fún hẹlikọ́pítà oníjókòó méjì tí kò wúwo tó mọ́tò.

Àwọn tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fo láàárín òkè, tí ọkọ̀ já lulẹ̀ pẹ̀lú wọn, tí wọ́n sì jáde láàyè, àwọn ló wà lọ́kàn mi lónìí. Àwọn èèyàn á ní orí ló yọ wọ́n. Mi ò bá orí jà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀, púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà ló sì ti parí kí ọkọ̀ tó gbéra.

Ìṣirò ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni abẹ̀bẹ̀ orí hẹlikọ́pítà ń tì sílẹ̀ kó tó lè gbé ọkọ̀ ró, afẹ́fẹ́ yẹn kan náà ni ẹ́ńjìnnì ń mí. Bó bá ti fẹ́lẹ́, méjèèjì ló ń rẹ̀ pọ̀. Òdiwọ̀n ooru ní ìpele òkun ni dígírì 15, ó sì ń fi 2 dínkù fún ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan tí a bá gùn. Dígírì kọ̀ọ̀kan tí ooru ọjọ́ náà bá fi ju òdiwọ̀n lọ, a ó fi ẹsẹ̀ bàtà 120 kún gíga ibẹ̀. Ní Abẹ́òkúta níhìn-ín, lọ́sàn-án oṣù Kẹta tí ooru bá dé 35, ọkọ̀ tó ṣì wà nílẹ̀ ti ń ṣe bí èyí tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 2,600. Ẹ gbé e lọ sí Obudu, ẹsẹ̀ bàtà bíi 5,200, lọ́jọ́ tí ooru jẹ́ 30. Òdiwọ̀n ibẹ̀ kò ju bíi 5 lọ. Àléékún jẹ́ 25. Ìlọ́po 120 jẹ́ 3,000. Lójú ẹ́ńjìnnì àti abẹ̀bẹ̀, 8,200 ni wọ́n wà. Ẹ́ńjìnnì oní-písítínì tí kò ní turbo, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ kún ẹ́ńjìnnì, ń pàdánù bíi 3% agbára rẹ̀ lórí ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀ yẹn, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ti lọ.

Àwọn tó ṣe Robinson R22, hẹlikọ́pítà kékeré oníjókòó méjì, mọ èyí. Ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 180 ni wọ́n fi sí irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Beta II, wọn kò sì jẹ́ kó lò ju 131 lọ nígbà gbígbéra, fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Èyí tó ṣẹ́kù dà bí owó àjọ tí a kó pamọ́: a ń ná an díẹ̀díẹ̀ bí a ṣe ń gòkè, títí yóò fi tán. Ìwúwo tí kò gbọ́dọ̀ kọjá ni kílógíráàmù 621. Ọkọ̀ òfìfo, bíi 400. Olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 85, 170. Epo lítà 70, bíi 50. Ó di 620. Ìwé ọkọ̀ gbà á láyè ní ìpele òkun, òkè kò ní gbà á. Dín epo kù.

Àwòrán ìlà méjì ló wà nínú ìwé ọkọ̀ fún dídúró sójú kan lófuurufú: ọ̀kan fún ìgbà tí ilẹ̀ sún mọ́ abẹ́ ọkọ̀, ọ̀kan fún ìgbà tí ó jìnnà. Bí ilẹ̀ bá sún mọ́, afẹ́fẹ́ tí abẹ̀bẹ̀ ń tì sílẹ̀ ń ṣe bíi tìmùtìmù. Lórí ṣóńṣó òkè, ilẹ̀ ń ya lọ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, tìmùtìmù yẹn kò sí. Àwòrán kejì ni kí akẹ́kọ̀ọ́ máa lò. Síbẹ̀, èmi gbà pé àyẹ̀wò inú òfuurufú dára ju àwòrán èyíkéyìí lọ, torí pé ẹ́ńjìnnì tuntun ni wọ́n fi ya àwòrán. Fò gbọọrọ ní knot 60 (knot ni òdiwọ̀n iyára ọkọ̀ òfuurufú), ní gíga ibi tí o fẹ́ bà sí. Wo iye agbára tó ń lọ, wo iye tó ṣẹ́ kù kó tó kan ìlà pupa. Bí àlàfo náà kò bá tó, padà sílé. Òkè kò ní ṣí kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn agbára, afẹ́fẹ́. Níhà tó ti ń kọlu òkè, ó ń gòkè, ó ń gbé ọkọ̀. Tó bá ti kọjá góńgó, ó ń já wálẹ̀, ó sì máa ń yára ju bí ọkọ̀ kékeré ṣe lè gun òkè lọ. Kò sí ẹni tó lè fojú rí ààlà méjèèjì, ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ṣe le sí ni ààlà yẹn ṣe ń nà ró sí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé kó má dojú kọ góńgó gbọnrangandan. Kó dà á kọjá ní ìgun dígírì 45, kó bàa lè yí padà sí àfonífojì bí afẹ́fẹ́ bá tì í wálẹ̀. Nínú àfonífojì, kó má fò láàárín. Kó fi ara mọ́ ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ ti ń gòkè, kí gbogbo fífẹ̀ àfonífojì ṣẹ́ kù fún un láti yí. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: ọ̀nà àbọ̀ ni kó kọ́kọ́ rí, kó tó wo ibi tó fẹ́ bà sí.

Ìjàǹbá máa ń bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ń sún mọ́ ṣóńṣó, afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, kò fura. Ilẹ̀ ń sáré kọjá lábẹ́ rẹ̀, ó rò pé òun yára, ó fa iyára sẹ́yìn. Bí iyára nínú afẹ́fẹ́ bá wá wà lábẹ́ knot 30, tí ọkọ̀ ń sọ̀kalẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 300 lọ ní ìṣẹ́jú kan, tí agbára sì wà lórí abẹ̀bẹ̀, ọkọ̀ lè jókòó sínú afẹ́fẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń tì sílẹ̀. Á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á máa já. Ọwọ́ òsì á fẹ́ fa collective, ọ̀pá tó ń mú kí abẹ̀bẹ̀ gbé ọkọ̀ sókè. Bó bá ṣe fà á tó ni ọkọ̀ á ṣe já tó. Ọ̀nà àtijọ́ ni kí ó ti imú ọkọ̀ síwájú, kó rẹ collective sílẹ̀, kó sá jáde; ìyẹn ń gba gíga púpọ̀. Claude Vuichard, páílọ́ọ̀tì ará Switzerland, ló jẹ́ kí ọ̀nà kejì gbajúmọ̀: fún abẹ̀bẹ̀ tó ń yí bíi ti Robinson, fi agbára gígun òkè sí i, fi ẹsẹ̀ òsì di imú ọkọ̀ mú, kí o sì tẹ ọkọ̀ sí ọ̀tún. Ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà jáde, gíga tó ń pàdánù kéré gan-an. Lára òkè, ó yẹ kí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún yẹn ṣófo. Èyí tún jẹ́ ohun tí a ó ti wò sílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìjàǹbá kejì rọrùn láti sọ, ó sì ń pani jù. Agbára kò tó, ọwọ́ ṣì ń fa collective. Ìyípo abẹ̀bẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Fèrè á ké nígbà tó bá di 97%. Ìwé R22 sọ pé bí ìyípo bá wọ abẹ́ 80%, pẹ̀lú 1% fún ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, abẹ̀bẹ̀ lè kú pátápátá, kò sì ní jí mọ́. Ní ẹsẹ̀ bàtà 8,000, 88% nìyẹn. Láti 97 dé 88, mẹ́sàn-án péré! Abẹ̀bẹ̀ R22 fúyẹ́, kì í pẹ́ kó tó já dé ibẹ̀. Bí fèrè bá ké: ṣí throttle, ìdarí tó ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára, rẹ collective sílẹ̀ díẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lòdì sí gbogbo ohun tí ara ń fẹ́ ṣe nígbà tí àpáta ń bọ̀.

Bí kò bá sí gíga mọ́ láti fi tún un ṣe, ibí ni mo fẹ́ dúró lé. Láti ìṣẹ́jú àáyá yẹn, ọkọ̀ kì í ṣe dúkìá mọ́. Ohun tí a ó fọ́ kí èèyàn má bàa fọ́ ni. Páílọ́ọ̀tì tó ń wá bí abẹ̀bẹ̀ ìrù kò ṣe ní gbá igi ni ń fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lulẹ̀. Fi irin ẹsẹ̀ méjèèjì lulẹ̀ pọ̀, kí ọkọ̀ tẹ́jú, kí eré iwájú kéré jù lọ, kó má sì máa yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rárá. Bí ẹsẹ̀ kan bá kọ́ òkúta nígbà tí agbára ṣì wà lórí abẹ̀bẹ̀, ọkọ̀ á dojú dé lójú ẹsẹ̀, cyclic, ọ̀pá tó ń tẹ ọkọ̀ síwájú, sẹ́yìn àti sí ẹ̀gbẹ́, kò sì ní lè dá a padà. Rírẹ collective sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ ló lè gbà á. Àpótí abẹ́ ìjókòó R22 àti R44, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni wọ́n ṣe kó lè rún wálẹ̀ lábẹ́ èèyàn, kó gba ìjámọ́lẹ̀ dípò eegun ẹ̀yìn. Ẹni tó kó irinṣẹ́ tàbí ìgò omi líle síbẹ̀ ti ba iṣẹ́ yẹn jẹ́. Bẹ́líìtì èjìká gbọ́dọ̀ fún. Ẹ̀yìn gbọnrangandan mọ́ ìjókòó, orí mọ́ ọn.

Bí ọkọ̀ bá ti dúró, má tíì jáde. Abẹ̀bẹ̀ lè ṣì máa yí, èérún rẹ̀ sì ń fò jìnnà. Bí ọwọ́ bá tó o: throttle, mixture (ìdarí tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́), epo, magneto (èyí tó ń ta iná sí ẹ́ńjìnnì), bátìrì, pa gbogbo wọn. Yọ okùn agbọ́rọ̀sọ, torí ó máa ń fa ọrùn ẹni tó fẹ́ sá. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, fi ọwọ́ kan ti òrùlé kí o tó tú bẹ́líìtì, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ọrùn lo máa fi balẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, má gba ìhà òkè jáde: ibẹ̀ ni abẹ̀bẹ̀ ti sún mọ́ ilẹ̀ jù. Iná nìkan ló lè mú kí èèyàn má dúró de abẹ̀bẹ̀.

Nípa iná, wọ òwú tàbí awọ, má wọ aṣọ oní-rọ́bà bíi polyester. Ẹni tó mọ aṣọ dunjú mọ ìdánwò náà: fọ́nrán òwú, bíi ti àdìrẹ gidi, á jó di eérú, polyester á yọ́, á di kókó dúdú tó gbóná. Kókó yẹn ló ń lẹ̀ mọ́ awọ ara.

Ohun tó wà nínú àpò aṣọ ló ń bá èèyàn jáde. Èyí tó wà nínú báàgì lè jóná. Nítorí náà, ẹ̀rọ ìpè ìrànlọ́wọ́ kékeré oní-406 MHz, fèrè, ìṣáná àti okùn ìdè ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára. ELT, ẹ̀rọ ìpè ìrànlọ́wọ́ tó wà lára ọkọ̀, lè tan fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bí eriali rẹ̀ bá já, kò sí ẹni tó máa gbọ́. Tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ sí ON síbẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2009, sátẹ́láìtì Cospas-Sarsat, ètò àgbáyé tó ń gbọ́ ìpè ìrànlọ́wọ́, kò gbọ́ 121.5 MHz mọ́, lójú sátẹ́láìtì irin lásán ni ẹ̀rọ àtijọ́. Fi orúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ náà kí o tó nílò rẹ̀. Ní Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ NEMA ni ìpè yẹn ń dé. Kí ẹnì kan wà nílẹ̀ tó mọ ọ̀nà tí ẹ ń gbà àti wákàtí tí ó yẹ kó figbe ta.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń tú yàà: tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí kò bá dúró, so okùn bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7 sókè ojú ọgbẹ́, má so ó sórí oríkèé, kọ àkókò sílẹ̀. Kò sí ìdí láti gbé ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, àfi iná. Fi tìmùtìmù ìjókòó sáàárín ara àti ilẹ̀. Ilẹ̀ òkè ń fa ooru ara ju afẹ́fẹ́ lọ. Dúró ti ọkọ̀, ó rọrùn láti rí ju èèyàn lọ. Fi òkúta to V ńlá bí o bá nílò ìrànlọ́wọ́, X bí ó bá jẹ́ ti ìwòsàn. Má tún nǹkan kan tò nínú àfọ́kù. Àwọn olùwádìí, NSIB nílé wa níhìn-ín, ń ka ipò ọ̀pá àti àmì abẹ̀bẹ̀ lórí òkúta.

Ẹni tó bá rìn jáde fúnra rẹ̀ ló máa ń jiyàn pé òun kò nílò dókítà. Ìpayà ń pa ìrora mọ́ fún wákàtí mélòó kan. Ìjábọ́ tó ti ìsàlẹ̀ wá ń rún eegun ẹ̀yìn, pàápàá níbi tí àyà ti pàdé ìbàdí, ẹsẹ̀ sì lè máa rìn síbẹ̀. Kí wọ́n ya àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, kó tó jókòó sórí àga líle, kó tó gun ọ̀kadà délé.